Bí A Ṣe Lè Jẹun Yó ní Lọ́ńdọ̀nù Láì Jẹ Gbèsè

Àǹtí mi wá kí mi láti Ìbàdàn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo ní kí n ṣe bí ọmọ gidi, mo bá mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ kan nítòsí Leicester Square, ibi tí iná ti ń tàn yòò, tí ẹnìkan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wọ́n gbé ẹja wá, ẹyọ kan tín-ń-tín, lórí àwo tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò àsè. Àǹtí mi wo ẹja, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìtọ́wò nìyí, kí ojúlówó tó dé?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bíìlì dé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Wọ́n ti fi owó iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní service charge kún un, mi ò rí i. Ọmọ tó gbé oúnjẹ wá tún na ẹ̀rọ ìsanwó sí mi, ẹ̀rọ náà ń béèrè pé mélòó ni mo fẹ́ fi ṣe típù. Ojú ń tì mí, mo tẹ iye kan. Bí mo ṣe san owó kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. A délé, àǹtí mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n ṣáà ní kí n gbé omi kaná. Ẹ̀bà la jẹ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ bí owó oúnjẹ ṣe ń rìn ní ìlú yìí. Ohun tí mo rí ni pé iye tó wà lára mẹ́nù kì í ṣe ẹ̀rí pé alásè mọ iṣẹ́. Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù ní Mayfair gbọ́dọ̀ rí owó ilé san, ara ìrẹsì yín ló sì máa yọ ọ́. Ẹni tó ń se irú oúnjẹ kan náà ní Whitechapel lè mọ̀ ọ́n sè jù ú lọ, àdúgbò rẹ̀ ni ò wọ́n tó tiẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ohun tó dáa láìná ìnákúnàá, àdúgbò ló máa kọ́kọ́ yí padà, tàbí aago, tàbí ohun tó ń pè sórí tábìlì. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà àlejò

Leicester Square, Piccadilly Circus, Covent Garden, etí odò ní South Bank, iwájú British Museum: ibẹ̀ ni àlejò pọ̀ sí. Púpọ̀ nínú ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ò nílò kẹ́ ẹ padà wá. Bẹ́ ẹ bá bínú lọ lónìí, àlejò mìíràn á dé láti Heathrow lọ́la. Ibi tó jẹ́ pé ará àdúgbò ló ń jẹun níbẹ̀ ò lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, torí bí ọbẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tábìlì á ṣófo lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Àmì tí mo fi ń sá wà. Bí ẹnìkan bá dúró síta tó ń pè yín wọlé bí ẹni ń polówó ọjà, ẹ máa lọ. Bí mẹ́nù tó wà níta ò bá ní iye lára, ẹ máa lọ. Bí ilé kan bá ń ta pizza, tó ń ta ìrẹsì àwọn ará Íńdíà, tó ń ta ẹja òun ànàmọ́ díndín, tó tún ń ta ẹja tútù àwọn ará Jàpáánì, ẹ bi ara yín pé alásè wo ló mọ gbogbo ìyẹn sè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú fìríìsà ni wọ́n ti ń kó o jáde.

Ẹ má jẹ́ kí owó ọkọ̀ bà yín lẹ́rù. Bọ́ọ̀sì ò wọ́n bí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti sanwó lórí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì mìíràn tẹ́ ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni. Hopper ni wọ́n ń pe ètò náà. Káàdì kan náà tàbí fóònù kan náà lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ o, torí bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ á kà yín sí ẹlòmíràn. Wọn kì í gba owó bébà tàbí owó ẹyọ nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2014.

Ẹ lọ bá àwọn tó ni oúnjẹ

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni owó yín ti máa ṣẹ́ kù jù.

Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ìlú kan, ìlú púpọ̀ tó para pọ̀ ni. Gbogbo ẹ̀yà tó wọ ibẹ̀ ló ní òpópónà tiwọn, ní òpópónà náà ni wọ́n sì ti ń se oúnjẹ fún ara wọn. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀ ò lè parọ́. Ìyá àgbà kan á jókòó síbi tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí iyọ̀ ò bá pé, á sọ.

Ẹ gba Green Lanes lọ ní Harringay, níbi tí àwọn ará Tọ́kì àti àwọn Kurd ti ń sun ẹran. Ẹ wá ilé tí iná èédú wà ní gbangba, tí ihò èéfín ńlá bò ó lórí, tí ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú irin gígùn-gígùn tí wọ́n fi ẹran àgùntàn gún. Mo máa ń jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Kì í wo aago. Á fi ìka tẹ ẹran náà fẹ́ẹ́, á yí i, á fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ gba ọ̀rá tó ń kán kúrò lára rẹ̀, á sọ búrẹ́dì náà padà sórí iná. Kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa, búrẹ́dì gbígbóná ti dé pẹ̀lú sàláàdì àti àlùbọ́sà tí iná ti sun tí wọ́n wá rẹ sínú omi kíkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, wọn kì í gba owó lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àṣìṣe àwọn tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á pe àwo tirẹ̀. Àwo ẹran àdàlù kan máa ń tó ẹni méjì, nígbà mìíràn á ṣẹ́ kù fún oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ní Whitechapel, ẹ béèrè Fieldgate Street. Tayyabs wà níbẹ̀ láti ọdún 1972, oúnjẹ Punjab tí ìdílé kan láti Pakistan ń sè. Ìhà àgùntàn tí wọ́n ń gbé wá lórí irin tó ṣì ń hó ṣììì lórúkọ ibẹ̀ fi kàn. Wọn kì í ta ọtí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mu lè gbé tirẹ̀ wá, ìyẹn nìkan ti gé bíìlì kù, torí orí ọtí ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti ń jèrè. Ẹ má lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀ àyàfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àtidúró lórí ìlà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú nudulu ìrẹsì ti Vietnam, Kingsland Road ni, láti Shoreditch lọ sókè. Ti Korea, New Malden, ó jìnnà díẹ̀ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ọkọ̀ ojú irin máa ń lọ tààrà láti Waterloo. Portugal, Stockwell. Kòlóńbíà àtàwọn aládùúgbò rẹ̀, Elephant and Castle. Jàmáíkà, Brixton. Tooting ni mo máa ń rán ẹni tí kì í jẹ ẹran lọ, fún oúnjẹ gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní dosa, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná. Ó máa ń fẹ̀ ju àwo lọ, ó máa ń rún wọ̀mù-wọ̀mù lẹ́nu, ọbẹ̀ méjì mẹ́ta á bá a wá. Ẹni tó bá mọ adùn ẹ̀kọ tó kan ò ní bá a jà.

Oúnjẹ tiwa ńkọ́? Rye Lane ní Peckham àti Old Kent Road, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé torí ó jẹ́ tiwa ó máa dínwó. Iṣu, epo àti ẹ̀gúsí ti wọ ọkọ̀ kó tó dé ibẹ̀, owó ọkọ̀ náà wà nínú àwo. Ṣùgbọ́n àwo máa ń kún, ẹni méjì lè jẹ àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran àfikún, kò sì sẹ́ni tó máa fi ojú burúkú wò yín. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ni bí a ṣe ń béèrè. Mẹ́nù lè ka ogún oríṣi, kó jẹ́ mẹ́fà ló wà. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé "Kí lẹ ń tà?" Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní:

"Ẹ káàsán mà. Kí lẹ ní nílẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀fọ́ rírò wà. Àmàlà ń bọ̀."

"Ń bọ̀" yìí lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ wákàtí kan. Bí wọ́n bá ní "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀," ẹ sáré. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ ló ń yà síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè, ẹ ó dúró pẹ́. Bẹ́ ẹ bá lè dé kí ìsìn tó parí, Ọlọ́run á dárí jì yín.

Bí a ṣe ń ka ohun táwọn èèyàn ń sọ

Ìtàn kan rèé tí gbogbo ẹni tó ń fi ìràwọ̀ orí fóònù yan oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọdún 2017, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Oobah Butler forúkọ ilé oúnjẹ kan sílẹ̀ lórí TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, ó pè é ní The Shed at Dulwich. Kò sí ilé oúnjẹ kankan. Ahéré inú ọgbà ni, níbi tó ń gbé. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun máa kọ pé àwọn ti jẹun níbẹ̀, ó ya àwòrán "oúnjẹ" tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ìfárùngbọ̀n ló fi ṣe àwọn kan, ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gìgísẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹyin lé lórí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, ipò 18,149. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, òun ló wà ní ipò kìíní ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn èèyàn ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kó fún àwọn ní tábìlì.

Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2025 ni òfin ti ka irú ayédèrú ọ̀rọ̀ ìyìn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Ìlú Ọba. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yín ni olóyè ọlọ́pàá yín.

Mi ò ka ìràwọ̀ márùn-ún, mi ò ka ìràwọ̀ kan. Ẹni tó fúnni ní márùn-ún lè jẹ́ àbúrò olówó ilé, ẹni tó fúnni ní ẹyọ kan lè jẹ́ ẹni tí òjò pa dé ibẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń ṣí. Ẹni tó fi mẹ́ta sílẹ̀ ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, á sọ ohun tó dùn, á sọ ohun tí kò dùn. Mo máa ń to ọ̀rọ̀ wọn kó jẹ́ ti ìsinsìnyí ló ṣáájú, torí alásè lè ti lọ láti ọdún tó kọjá. Mo máa ń wo àwòrán tí àwọn oníbàárà fọwọ́ ara wọn yà, pàápàá àwòrán mẹ́nù, kí n lè mọ iye kí n tó kúrò nílé. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń dárúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó ń gbé oúnjẹ, "ó tọ́jú wa gan-an, ó tọ́jú wa gan-an," tí ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ọbẹ̀, mo mọ̀ pé orí tábìlì ni wọ́n ti ní kí wọ́n kọ ọ́.

Èyí tó ń wù mí jù lọ ni ilé tó ní ìràwọ̀ mẹ́rin àti díẹ̀, tí ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò ju "oúnjẹ dùn ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín sí wa" lọ. Ẹ̀rín kọ́ ni mo wá jẹ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kà jìnnà sí ìràwọ̀, Vittles, ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dá lórí oúnjẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, máa ń kọ nípa ilé oúnjẹ kéékèèké ní àwọn àdúgbò tí àwọn oníwèé ìròyìn ńlá kì í sábà dé. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ṣì ń tó mi. Ẹ bi awakọ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta ẹran ní ọjà. Ẹ má bi wọ́n pé "Níbo ni oúnjẹ ti dùn?" torí ibi tó lókìkí ni wọ́n máa dárúkọ. Ẹ bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti fi owó ara yín jẹun kẹ́yìn?"

Ìwé aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà

Àjọ Food Standards Agency àti ìjọba ìbílẹ̀ máa ń lọ wo inú ilé ìdáná, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0 dé 5 lórí ìmọ́tótó. Ìwé àlẹ̀mọ́ dúdú òun ewé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ní Wales, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ní England kì í ṣe dandan, ìdí rèé tí ẹni tó gba 1 fi máa ń tọ́jú tirẹ̀ pamọ́. Ẹ tẹ orúkọ ilé náà sórí ìkànnì àjọ yẹn, ẹ ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Máàkì yìí ò sọ bóyá ọbẹ̀ dùn, ibi tó gba 5 lè má mọ oúnjẹ sè rárá. Mo máa ń jẹ níbi tó gba 3, àwọn ìwé tí wọn ò kọ dáadáa lè fa ìyẹn. Tó bá ti dé 1, mo ti kọjá.

Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé máa ń bá jà, ẹ sọ kẹ́ ẹ tó pe oúnjẹ. Ohun mẹ́rìnlá ni òfin sọ pé ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún yín bóyá ó wà nínú ìkòkò, ẹ̀pà àti edé wà lára wọn.

Ẹ yí aago padà

Nígbà mìíràn, àárín ìlú gan-an lẹ ti fẹ́ jẹun. Ọjọ́ ìbí ni, tàbí ẹ fẹ́ wo eré. Ohun tí ẹ ò bá lè rí san ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ lè rí i san ní aago kan ọ̀sán. Alásè kan náà, àga kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá ló ní oúnjẹ ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n so iye kan mọ́, abala méjì tàbí mẹ́ta, torí tábìlì tó ṣófo lọ́sàn-án ò san owó ilé. Àwọn tó wà nítòsí gbọ̀ngàn eré tún máa ń ṣe irú ẹ̀ ní kùtùkùtù alẹ́, kí àwọn òǹwòran tó wọlé. Ẹ béèrè fún "set menu" fúnra yín, torí wọn kì í sábà gbé e síwájú yín bí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀. Brasserie Zédel, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Piccadilly Circus níbi tí mo ní kẹ́ ẹ sá fún, ni ibi kan tí mo mọ̀ tó yàtọ̀: ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀, òkúta mábù àti góòlù lọ́tùn-ún lósì, oúnjẹ Faransé oníye kan wọn sì ti lókìkí fún dídínwó tipẹ́.

Michelin, àwọn tó ń ṣe táyà mọ́tò, ni gbogbo ayé ń gbọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ilé oúnjẹ tó ta yọ. Ìràwọ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wá. Wọ́n ní àmì mìíràn, Bib Gourmand, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1997 fún ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dáa tí iye rẹ̀ ò sì gun òkè. Ẹ lè yọ ìyẹn nìkan lórí ìkànnì wọn kẹ́ ẹ sì wo ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ìtàn Adejoké Bakare máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí mò ń sọ. Ọmọ Nàìjíríà ni, ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Brixton ní ọdún 2020. Ní 2023 ó kó lọ sí Fitzrovia ní àárín ìlú, ní oṣù kejì 2024 Michelin fún un ní ìràwọ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Àwọn tó jẹun ní Brixton jẹ oúnjẹ ọwọ́ yẹn náà, nígbà tí owó rẹ̀ ò tíì gòkè tó báyìí. Mo gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kó lọ. Mo ṣì ń ká ìka àbámọ̀ jẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń lépa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ tuntun máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní soft launch, ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò kí wọ́n tó ṣí gan-an, wọ́n á gé owó oúnjẹ, nígbà mìíràn dé ìdajì. Iṣẹ́ lè falẹ̀, wọ́n lè gbé ọbẹ̀ ẹlòmíràn wá fún yín. Ìdajì owó náà lẹ ń san. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà wà: ní Vincent Square ní Westminster, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Capital City College, tí wọ́n ń pè ní Westminster Kingsway College tẹ́lẹ̀, ló ń sè, àwọn náà ló ń gbé oúnjẹ fún àlejò, nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ibẹ̀ ni Jamie Oliver ti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ tó gbé àwo tèmi wá ń gbọ̀n, olùkọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ó ń wò ó. Ẹja náà jiná bó ṣe yẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó

Orí tábìlì ni owó ti ń jò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹni méjì. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan £22, méjèèjì £44. Ohun mímu méjì, £4.50 kọ̀ọ̀kan, £9. Ìgò omi £5. Búrẹ́dì tí wọ́n bi yín pé "Ṣé ká gbé búrẹ́dì wá?" tẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, £5. Ó di £63. Wọ́n fi service charge 12.5% lé e, £70.88. Ẹ wá mú omi ẹ̀rọ dípò gbogbo ìyẹn, ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀: £44, pẹ̀lú 12.5%, £49.50. £21.38 ti padà sápò, oúnjẹ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ wá ò sì dín kù.

Tí wọ́n bá bi yín pé "Still or sparkling?" ìdáhùn ni "Tap, please." Ẹ má kàn ní omi, ìgò ni wọ́n máa gbé wá. Ní England, gbogbo ilé tó ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí fún ẹni tó ń mu ún níbẹ̀ ni òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá béèrè. Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀.

Owó orí VAT ti wà nínú iye tẹ́ ẹ rí lára mẹ́nù, kò dà bí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi kún un nígbẹ̀yìn. Service charge lẹ máa ṣọ́. Bí wọ́n bá kọ "optional" tàbí "discretionary" sí i, ẹ láṣẹ láti ní kí wọ́n yọ ọ́. Èmi kì í sábà yọ ọ́, torí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin ti sọ pé òṣìṣẹ́ ló ni gbogbo ẹ̀, ọ̀gá ò gbọdọ̀ mú nínú ẹ̀. Mo máa ń yọ ọ́ bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú láìwojú wa. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú bíìlì, tí ẹ̀rọ tún ń béèrè típù, ẹ tẹ "No tip", ẹ wo ojú ọmọ náà, ẹ rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ilé tó ní "àwo kéékèèké ni wa, mẹ́ta mẹ́ta ló dáa fún ẹnì kan." Ẹ pe méjì fún ẹnì kan, kẹ́ ẹ dúró. Bí ebi bá ṣì ń pa yín, ilé ìdáná ò tíì tì.

Ọjọ́ tí àpò gbẹ

Áàpù kan wà, Too Good To Go, tí àwọn ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ fi ń ta ohun tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́ ní ìdá díẹ̀ nínú iye rẹ̀. Ẹ ò ní mọ ohun tó wà nínú àpò náà títí tẹ́ ẹ fi máa ṣí i. Mo ti gba búrẹ́dì méje rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Brick Lane, Beigel Bake ń ta búrẹ́dì olóyìíká tí wọ́n fi ẹran màlúù oníyọ̀ sí láàárín tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ alẹ́ mọ ibẹ̀.

Southall náà wà. Nígbà tí àǹtí mi tún wá, mi ò mú wọn lọ sí Leicester Square mọ́. Ní Havelock Road, ilé ìjọsìn àwọn Sikh, Gurdwara Sri Guru Singh Sabha, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2003, ń fún gbogbo ẹni tó bá wọlé ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Langar ni wọ́n ń pè é. Ilé ìjọsìn ni o, kì í ṣe bùkà: ẹ bọ́ bàtà, ẹ bo orí, ẹ má mú sìgá tàbí ọtí dání, ẹ fọwọ́, ẹ gba ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè jẹ tán. Bẹ́ ẹ bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, àpótí wà, bí ò sì sí, wọ́n máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ bá wọn fọ àwo. Kò sí ẹran.

Gèlè ti wà lórí àǹtí mi tẹ́lẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wá aṣọ fún wọn. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá kan tó wé láwàní ń pín búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àǹtí mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì tẹ orí ba díẹ̀, bàbá náà rẹ́rìn-ín nítorí bó ṣe yẹ kí wọ́n gbà á gan-an nìyẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀wà dé, ó rí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ki díẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n yíjú sí mi.

"Gbẹ̀gìrì nìyí," wọ́n ní. "Ewédú wọn dà?"